Bí Mo Ṣe Fi Ọsàn Ṣàlàyé Ayasofya fún Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Mi

Oṣù kẹrin ọdún 2024, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá àti olùkọ́ wa gbéra láti Ìlú Ọba lọ sí Istanbul. Ìtàn ni gbogbo wa ń kà. Olùkọ́ wa ti là á mọ́lẹ̀ pé a ò lọ ṣe fàájì lásán: kálukú ni yóò mú ibì kan, yóò kà nípa rẹ̀ dáadáa, yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnì kan mú ààfin Topkapı, ẹnì kan mú odi ìlú àtijọ́. Kí wọ́n tó ka orúkọ Ayasofya tán ni mo ti nawọ́. Òun ni ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó di mọ́ṣáláṣí, tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Hagia Sophia, ìyẹn Ọgbọ́n Mímọ́.

Mo ní ìdí tèmi. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí bàbá mi sí, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins ni wọ́n sì ti ń kírun láti kékeré. Nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí yẹn ní 1894, Sultan Abdul Hamid Kejì, tó wà lórí ìtẹ́ ní Istanbul, ló fi oyè Bey dá Mohammed Shitta tó kọ́ ọ lọ́lá. Abdullah Quilliam, aṣáájú àwọn Mùsùlùmí ìlú Liverpool, ló wá ṣojú Sultan l'Ékòó lọ́jọ́ náà. Orúkọ tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Istanbul ni ìdajì rẹ̀ ti wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fojú ara mi rí ìlú yẹn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yẹ ètò ìrìn-àjò wa wò. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n fi Ayasofya sí! Mo yáa pariwo síta. Mùsíọ́mù ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2020 ló ti padà di mọ́ṣáláṣí, àsìkò yẹn gan-an ni wọn kì í sì í gba àlejò wọlé títí ìrun Jímọ́ọ̀ yóò fi parí. Èmi nìkan ni Mùsùlùmí láàárín wa, kò sì sẹ́lòmíì tí ọkàn rẹ̀ lọ síbẹ̀. A gbé e sí Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kó èrò lọ síbẹ̀, àkókò ìrun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ tó wo iye owó ọkọ̀.

Òrùlé ilé náà, tó rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ló yọ mí lẹ́nu jù. Láàárín 532 sí 537 ni Justinian, ọba Róòmù Ìlà Oòrùn, kọ́ ọ, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Anthemius ará Tralles àti Isidore ará Miletus ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ohun tó ká wọn láyà nìyí: báwo lèèyàn ṣe ń da igbá dé orí yàrá onígun mẹ́rin? Ẹ mú igbá, ẹ dà á dé orí páálí onígun mẹ́rin, ẹ ó rí i pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo kàwé títí, mo ya àwòrán títí, kò yé mi débi tí mo fi lè mú un yé ẹlòmíì. Nígbà tó di alẹ́ Ọjọ́rú, mo gbé ọ̀bẹ ní òtẹ́ẹ̀lì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọsàn. Mo ba mẹ́ta jẹ́ kí ó tó bọ́ sí i.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a wọ tíráàmù lọ sí Sultanahmet, àdúgbò tí Ayasofya wà. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré láyé àtijọ́ la kọ́kọ́ yà sí. Òpó òkúta ọba Thutmose Kẹta ti ilẹ̀ Íjíbítì wà níbẹ̀, èyí tí ọba Theodosius gbé nàró ní 390. Ẹlẹgbẹ́ mi tó mú un sọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ ọsàn tó wà nínú báàgì mi.

Ní Túrkì, ẹni tó gbàwé-àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba nìkan ló lè ṣe amọ̀nà àwọn àlejò, nítorí náà a gba ìyá kan tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ni wọ́n ní kí n parí ọ̀rọ̀ tèmi síta, nínú ọgbà tó wà láàárín Ayasofya àti mọ́ṣáláṣí Sultan Ahmed, kí a tó wọlé. Ó bọ́gbọ́n mu. Àwọn èèyàn ń jọ́sìn nínú ilé yẹn.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n yí mi ká. Mo gé ọsàn sí méjì, mo fi ṣíbí kó inú rẹ̀ jáde, mo da èèpo kan dé orí ìwé mi. Mo wá fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sísàlẹ̀ tààrà, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi dúró, tí àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì sì tẹ̀ bí ọrun. Lẹ́yìn náà, mo gé orí rẹ̀ kúrò. Ojú ibi tí mo gé di òrùka roboto. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju awẹ́ èèpo mẹ́rin tó fẹ̀ lókè, tó sì ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀. Mo mú èèpo ọsàn kékeré kan, mo gbé e lé orí òrùka náà, ó sì jókòó pẹ̀sẹ̀. Òkè rí roboto, ìsàlẹ̀ ní igun mẹ́rin. Mo gbọ́ "háà!" lẹ́yìn mi.

Mo wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ lórí. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yà síta. Mo ní, ohun tó ṣe ilé yìí gan-an nìyẹn. Òrùlé àkọ́kọ́ rẹlẹ̀ jù, ńṣe ló ń ti ògiri síta, nígbà tí ilẹ̀ sì mì, ó wó ní 558. Isidore Kékeré ló tún un kọ́, ó gbé e ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ìwúwo rẹ̀ lè máa lọ sísàlẹ̀ dípò ẹ̀gbẹ́. Wọ́n parí rẹ̀ ní 562.

Yúrò 25 ni àlejò kọ̀ọ̀kan ń san lọ́dún yẹn láti gorí òkè inú Ayasofya. Àwọn tó wá kírun ló ni ìsàlẹ̀. Owó náà wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára, kí ẹ ti kà á mọ́ ìnáwó yín láti ilé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì gbójú sókè. Ẹ kọ́kọ́ wo òpó. Mo di ojú kan, mo fi èkejì wò ó sókè sódò: kò dúró gbọnrangandan, ó fì síta. Gbogbo wa dákẹ́. Ohun tí ìka mi ṣe sí èèpo ọsàn nínú ọgbà, òun náà la ń wò lára òkúta mábù. Lẹ́yìn ìyẹn la tó wo òrùlé náà fúnra rẹ̀, tó fẹ̀ tó mítà 31, tó ga ní nǹkan bíi mítà 55, pẹ̀lú fèrèsé 40 tó yí ìdí rẹ̀ ká. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé mú kó dà bíi pé kò sóhun tó gbé e dúró.

Àwòrán Jésù, Màríà àti Jòhánù Onítẹ̀bọmi tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò wà lókè níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ya kúrò, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì wà. Níwájú díẹ̀ sí i ni pátákó ńláńlá mẹ́jọ tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ orúkọ Ọlọ́run, ti Ànábì, ti kálífà mẹ́rin tó jẹ́ aṣáájú lẹ́yìn rẹ̀, àti ti Hasan àti Husayn, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, sí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a lọ sí ibi ìpamọ́ omi abẹ́ ilẹ̀, tí òpó 336 gbé òrùlé rẹ̀. Ó tutù, ó ṣókùnkùn, ó sì dára. N ò pẹ́ níbẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́ wa, mo padà sí Ayasofya lọ kí ìrun àlàásárì.

Ìborùn ìyá mi ni mo fi bo orí. Nígbà tí mo dúró sínú sàfù àwọn obìnrin, ìyẹn ìlà tí wọ́n tò sí láti kírun, ni mo ṣàkíyèsí pé ìlà orí kápẹ́ẹ̀tì kò bá ògiri lọ. Àwọn tó kọ́ ilé yẹn kò kọ́ ọ síhà Mẹ́kà. Nígbà tí Sultan Mehmed Kejì gba ìlú náà ní 1453, tó sì sọ ṣọ́ọ̀ṣì náà di mọ́ṣáláṣí, wọn kò wó ògiri; ibi tí lèmọ́mù ń dúró sí ni wọ́n sún sí apá ọ̀tún díẹ̀, tí gbogbo sàfù sì yí tẹ̀ lé e. Lókè ibẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi bo àwòrán Màríà àti ọmọ rẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé ìlà náà, ara mi yà díẹ̀ kúrò lójú ibi tí ilé kọjú sí. Ìrun yẹn wọ̀ mí lára.

Lálẹ́, mo pe ilé. Ìyá mi, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kí wọ́n tó fẹ́ bàbá mi, ní kí n fi fọ́tò àwòrán Jésù ránṣẹ́ kíákíá. Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé o ṣe àdúrà fún Shitta-Bey?"

"Mo ṣe é, sà."

"Ó káre, ọmọ mi."