Head Start tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá owó gbogbo ọjọ́ tí mi ò gbé mọ́tò jáde padà fún mi, nítorí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ?

Maryland la wà. Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́ta nígbà náà, owó jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni níbí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní ká wá Head Start lọ, ètò jẹ́lé-ó-sinmi tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1965 fún ọmọ àwọn tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé fún. Ẹni tó bá ń gba food stamp, owó oúnjẹ tí ìjọba fi ń ran èèyàn lọ́wọ́, kì í ṣe wàhálà lórí ìwé owó tó ń wọlé. A ń gbà á. Ìwé ìbí, ìwé ilé, fọ́ọ̀mù, ìyẹn ò ṣòro.

Ó wá ku káàdì. Wọ́n lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì wọn pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí.

Ìbàdàn la bí ọmọ yìí sí, 19 oṣù kìíní 2021. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó gba penta àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sí káàdì: 2/3/21. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló máa ń ṣáájú ọjọ́. Obìnrin tó ń gba ìwé kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kejì. Ó ní ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ni nígbà náà, abẹ́rẹ́ ọ̀hún ti yá jù, àwọn ò kà á. Ó bọ́ sórí èkejì, 30/3/21. Ó wo káàdì, ó wò mí. Ó ní kò sí oṣù ọgbọ̀n.

Mo ní, “Màdáámù, ohun tí mo ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn.”

Ó lóun ò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi, àfi ti dókítà. Olùkọ́ àkọ́kọ́ kọ́!

Ọ̀dọ̀ dókítà tún burú. Wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ penta, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó pa márùn-ún pọ̀. DTaP, tó pa mẹ́ta péré pọ̀ nínú márùn-ún ọ̀hún, ni kọ̀ǹpútà tiwọn mọ̀. Wọ́n ní ká kúkú gún gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ kí n padà wá, mo lọ mo padà wá, títí mo fi bá nọ́ọ̀sì ará Ghana kan pàdé. Kò bi mí léèrè kankan. Ó ka káàdì náà bí ẹni ń ka Bíbélì, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ImmuNet, àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára orí kọ̀ǹpútà tí ìpínlẹ̀ yìí ń lò, ó parí. Ti measles tó gbà ní oṣù mẹ́sàn-án ni wọn ò kà, nítorí wọ́n fẹ́ kó ti pé ọdún kan. Ìyẹn ò dùn mí, òfin wọn ni.

Nígbà tó wọlé tán, ara mi yá. Olùkọ́ wá sílé wa, ó ní èdè wo là ń sọ. Mo ti múra ìjà, àfi bó ṣe ní ká má fi Yorùbá sílẹ̀. Èmi tí mo san fáìnì nílé ìwé n'Íbàdàn torí pé mo sọ ọ́! Mo lọ pa àlọ́ Ìjàpá fún wọn ní kíláàsì, ọmọ El Salvador àti ọmọ Ethiopia ń gbe orin. Òbí ló pọ̀ jù nínú Policy Council, ìgbìmọ̀ Head Start tó ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó wọn, wọ́n sì ti dìbò yàn mí síbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi kàwé fún ọmọ, ẹ máa kọ ọ́. Mo rò pé wọ́n ń ṣọ́ wa ni, àṣé ètò náà gbọ́dọ̀ wá ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ níbòmíràn, àkókò òbí sì wà lára ohun tí wọ́n ń kà mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù sí káàdì kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Ní tèmi, ìwé dókítà eyín ni wọ́n tún ń béèrè báyìí.