Rírìn pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro, kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ìsanra tó pé: ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ará ilé ní Iléṣà

Ẹni tí dókítà bá ní kó máa rìn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ìdínkù ìsanra fún un, tí ẹ̀yìn sì ń ro ó, inú rẹ̀ kì í dùn. “Ìrìn tí mo rìn débí gan-an ló ń dá mi lóró yìí o!” Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn èèyàn tí mi ò lè kà. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Àmọ́ ẹ̀yìn tó ń ro kì í sábà jẹ́ ẹ̀yìn tó yẹ ká tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìwé yìí: ẹ jẹ́ kí aago máa dá yín dúró, ẹ má ṣe dúró títí ìrora á fi dá yín dúró.

Ìdí tí ẹ̀yìn fi ń yọ wá lẹ́nu

Ẹ wo aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé, bó ṣe máa ń fi ọwọ́ ti ìdí rẹ̀ bó bá ń rìn. Ikùn ló ń fa ìbàdí síwájú, iṣan ẹ̀yìn sì ń fà á padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ikùn ọ̀rá ń ṣe, àfi pé ti oyún ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ti ọ̀rá kò ní. Nígbà tí ẹ̀yìn bá wá ń ro, a ó jókòó. Bí a bá jókòó pẹ́, iṣan á dẹ̀, oríkèé á gan, ohun kékeré tí kò dùn wá lánàá á sì máa dùn wá lónìí. Bí ìrora ṣe ń bí ara rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 619 ni ẹ̀yìn ń ro lágbàáyé lọ́dún 2020. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà tẹ àbájáde kan jáde lórí èèyàn 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Wọ́n kọ́ apá kan wọn ní bí wọn ó ṣe máa rìn díẹ̀díẹ̀, wọn ò kọ́ apá kejì. Ìdajì àwọn tó ń rìn ló lo ọjọ́ 208 ó kéré tán kí ìrora tó padà. Ọjọ́ 112 ni ti àwọn yòókù. Kì í ṣe àwọn tó ń retí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n lò fún ìwádìí náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ò mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín ń retí iṣẹ́ abẹ tàbí kò retí.

Kí ló kan oníṣẹ́ abẹ nípa ìrìn mi?

Nínú iṣẹ́ abẹ ìsanra tó wọ́pọ̀ jù, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù dànù, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó ṣẹ́ kù á wá gùn gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀, nọ́ọ̀sì á ní kí ẹ dìde kí ẹ rìn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fìyà jẹ yín. Bí ẹni tí ara rẹ̀ tóbi bá dùbúlẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìdì ẹ̀jẹ̀ yẹn lè já, kó lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn máa ń pa èèyàn. Ẹsẹ̀ tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ ló lè dìde lọ́jọ́ yẹn. Èémí tó ti lágbára tẹ́lẹ̀ náà ló ń fara da oògùn oorun tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ abẹ dáadáa.

Mi ò ní tàn yín: ìrìn yìí nìkan kò ní jẹ́ kí ara yín fúyẹ́ débi tí ẹ̀wù yín á fi tóbi jù. Oúnjẹ tí wọ́n bá là sílẹ̀ fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí ẹ̀dọ̀ lè sún kì, iṣẹ́ tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá ń wọn ara rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ nítorí ìrìn á kàn bínú kó fi í sílẹ̀ ni.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ tíì bẹ̀rẹ̀

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de àdéhùn, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń jáde láìmọ̀ọ́mọ̀, bí ìtọ̀ kò bá jáde rárá, bí abẹ́ àti àárín itan bá kú tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára mọ́ nígbà tí ẹ bá ń nu ìdí, tàbí bí ẹsẹ̀ kan bá ń rọ síwájú sí i. Ìrora ẹ̀yìn tí ibà, ikọ́ àti òógùn òru tẹ̀ lé kò yẹ ní fífi ṣeré, torí ikọ́ àwúbì (TB) máa ń wọ eegun ẹ̀yìn nílẹ̀ wa níbí. Bí àyà bá ń fún yín mọ́ra bí ẹ bá ń rìn, ẹ dúró, ẹ wá dókítà.

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kó fi ṣúgà tàbí súwíìtì sápò kó tó jáde, kó sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bó bá wọlé.

Ọjọ́ kìíní

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe tí mò ń kìlọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn mi fúyẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo bá fẹsẹ̀ rìn láti Ìsọ̀kun dé Ẹrẹ́jà, mo rìn padà, inú mi ń dùn. Ọjọ́ Àìkú àti Mọ́ńdè, orí ẹní ni mo wà. Ọjọ́ tí ara bá yá ló máa ń tan èèyàn jù.

Ẹ jáde pẹ̀lú fóònù tàbí aago ọwọ́, kí ẹ rìn bí ẹ ṣe máa ń rìn, kí ẹ wo ìṣẹ́jú tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ká ní ìṣẹ́jú 8 ni. Láti ọ̀la, ìṣẹ́jú 5 ni tiyín, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: àárọ̀, ọ̀sán tí òòrùn bá ti rọlẹ̀, àti ìrọ̀lẹ́. Tí aago bá ti dún, ẹ jókòó, kódà bí ara bá ń sọ pé ẹ ṣì lè lọ. Ibẹ̀ ló máa ń ṣòro jù fún àwa Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàáló ni baba wa, wọ́n fẹsẹ̀ rin ìlú dé ìlú ta aṣọ, wọ́n sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. A ò mọ bí a ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ láìparí.

Bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta bá lọ láìsí wàhálà, ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un. Ẹ fún ìrora ní máàkì láti 0 dé 10. Bí kò bá kọjá 3 tàbí 4, tó sì ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí ọjọ́ kejì tó mọ́, kò burú. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín ìṣẹ́jú kù, ẹ má ṣíwọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fẹ́ fún àgbàlagbà, ẹ sì lè gé e wẹ́wẹ́ bó ṣe wù yín. Ìyára tó dáa ni èyí tí ẹ fi lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin.

Ìyá kan tó ń ta gaàrí ní ọjà Atakúnmọ́sà jẹ́ kí n rí nǹkan kan. A jọ ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kò tíì dé òpó iná kẹta tó fi dúró, ó tẹ̀ síwájú, ó di etí ọmọlànkẹ́ kan tí wọ́n gbé síbẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní, “Ẹ wò ó, bí mo bá di nǹkan yìí mú, mo lè tì í dé Ẹrẹ́jà. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á kú tipiri.” Ẹni tó bá ń rí bẹ́ẹ̀, kó sọ ọ́ fún dókítà gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Ó lè jẹ́ pé ihò tí iṣan ìmọ̀lára ń gbà nínú eegun ẹ̀yìn ló ti há. Títẹ̀ síwájú ló ń là á díẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi igi ìtilẹ̀ onítáyà rìn, tàbí kó wa kẹ̀kẹ́ tó dúró lójú kan, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀pá kan ṣoṣo, ọwọ́ tó wà ní òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ni kó fi mú un. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn wọ́n mú un.

Ọ̀nà Iléṣà, bàtà, àti oko

Òkè pọ̀ nílùú yìí. Ẹ má fi òkè Imọ̀ bẹ̀rẹ̀. Pápá ilé ẹ̀kọ́, àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí kọ́rídọ̀ ilé yín pàápàá dáa ju ọ̀nà tí ọ̀kadà ń sáré lọ. Tó bá di dandan kí ẹ rìn lójú títì, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹ rìn nínú ilé. Ẹrẹ̀ tó yọ̀ lè ba iṣẹ́ oṣù méjì jẹ́.

Sílípáàsì kì í ṣe bàtà ìrìn. Ẹ ra bàtà tó mú gìgísẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì lọ rà á nírọ̀lẹ́, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bílẹ̀ bá ń ṣú.

Àgbẹ̀ kòkó kan sọ fún mi pé òun ò nílò ìrìn kankan, ojoojúmọ́ lòun ń lọ sóko. Mo bi í pé kí ló ń gbé e lọ. Ó rẹ́rìn-ín: ọ̀kadà ni. Bí oko yín bá jìnnà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ rin ìṣẹ́jú tiyín láìru ẹrù. Èyí tí ẹ bá fi ru agbọ̀n kòkó kò sí nínú rẹ̀. Ìtẹ̀ríba ro oko pẹ̀lú kò sí nínú rẹ̀.

Oògùn ìrora

Ẹ má gbé oògùn mì torí kí ẹ lè rìn pọ̀ sí i. Ó kàn ń pa ẹnu ìrora mọ́ ni. Aspirin, ibuprofen àti diclofenac lè dá egbò sí ikùn, wọ́n sì ń yọ ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti oníkíndìnrín lẹ́nu. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń so ìfun mọ́ àpòlúkù, wọ́n lè ní kí ẹ má tún fẹnu kàn wọ́n mọ́. Gbogbo oògùn ìrora àti àgbo tí ẹ ń lò, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan lọ fún dókítà tàbí físíò (ẹni tó ń fi eré ìdárayá wo ìrora ara) ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tàbí ibi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú yín. Ẹ má kó ìtìjú àgbo sínú.

Dídìde lórí bẹ́ẹ̀dì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí kọ́ra nílé báyìí. Ẹ má dìde tààrà láti orí ẹ̀yìn. Ẹ ká orúnkún, ẹ yí gbogbo ara sí ẹ̀gbẹ́ kan lápapọ̀ bí ìtì igi, ẹ sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ ti ara yín dìde. Ẹ̀yìn á gbádùn rẹ̀ láti òní. Lọ́jọ́ tí ojú abẹ bá wà ní ikùn, ẹ gbá pílò kékeré mọ́ ọn, kí ẹ dìde bákan náà, kí ẹ rìn dé ojú fèrèsé, kí ẹ padà.