Ọ̀nà Tí Ilé-iṣẹ́ Ìbánisọ̀rọ̀ Ń Gbà Mú Netiwọ́ọ̀kì Fóònù Lágbára, Kí Ó sì Gbòòrò Sí I

Ìbéèrè méjì ni ẹni tí a bá fi iṣẹ́ ìmúgbòòrò netiwọ́ọ̀kì lé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ṣé netiwọ́ọ̀kì kò dé ibẹ̀ rárá ni, àbí ó dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ jù fún un? Lójú oníbàárà, ọ̀kan náà ni méjèèjì, nítorí pé fóònù rẹ̀ kò ṣe ohun tí ó fẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn wọn kò jọra. Ibi tí ìgbì kò dé nílò òpó tuntun tàbí ìgbì tí ó lè rìn jìnnà, nígbà tí ó jẹ́ pé àyè tí ó fẹ̀ sí i ni ibi tí èrò ti pọ̀ nílò, ó sì ṣeé ṣe kí a rí àyè náà láìfi òpó kan ṣoṣo kún èyí tí ó ti wà. Nínú owó tí mo ti rí tí ó ṣòfò nídìí iṣẹ́ yìí, èyí tí ó pọ̀ jù lọ ṣòfò nítorí pé wọ́n da ìbéèrè méjèèjì pọ̀, tí wọ́n sì sáré lọ kọ́ òpó.

Wíwọ̀n ni àkọ́kọ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọsílẹ̀ tí àwọn ẹ̀rọ orí òpó ń kó jọ fúnra wọn ní wákàtí-wákàtí. Òpó kan sábà máa ń ní ojú mẹ́ta, tí ojú kọ̀ọ̀kan ń bójú tó ìdá kan nínú mẹ́ta àyíká rẹ̀, sẹ́lì sì ni a ń pe ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gbára lé ìṣirò tí ó kó gbogbo ọjọ́ pọ̀, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ òru máa ń bo wàhálà ìrọ̀lẹ́ mọ́lẹ̀. Wákàtí tí èrò pọ̀ jù lọ ni kí ẹ yọ jáde kí ẹ sì yẹ̀ wò. Sẹ́lì 4G, ìyẹn ìran kẹrin netiwọ́ọ̀kì fóònù, tí ìgbì rẹ̀ fẹ̀ tó 20 MHz (megahertz) máa ń pín àyè rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún ìpín, àkọsílẹ̀ yóò sì fi iye tí a ń lò nínú wọn hàn yín. Bí ó bá jẹ́ pé alaalẹ́ ni ìpín náà ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ẹ ń wò yẹn. Ṣùgbọ́n bí ìpín bá ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ tí àwọn oníbàárà ṣì ń ráhùn, ẹ yé dá èrò lẹ́bi: ìgbì lè má lágbára, ariwo ìgbì lè máa wá láti ara sẹ́lì tí ó wà nítòsí, tàbí kí ọ̀nà tí ó gba ẹ̀yìn òpó lọ, ìyẹn èyí tí ń gbé dátà láti òpó lọ sí àárín gbùngbùn netiwọ́ọ̀kì, ti há.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ jáde lọ wò ó pẹ̀lú ojú ara yín. A máa ń kó àwọn fóònù tí ń ṣe àkọsílẹ̀ sínú ọkọ̀, a ó sì wa ọkọ̀ náà gba gbogbo òpópónà tí ọ̀rọ̀ kàn. Dẹ́síbẹ́lì lábẹ́ òdo ni a fi ń ka agbára ìgbì 4G, nítorí náà bí nọ́ńbà bá ṣe súnmọ́ òdo tó ni ìgbì ṣe lágbára tó: −80 dára, −110 sì ti wà ní bèbè kí ìpè máa já. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má fi mọ sórí títì, nítorí inú ilé ni àwọn ènìyàn ti ń lo fóònù jù. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ gba àṣẹ, ẹ wọ inú ilé náà, kí ẹ dúró sí yàrá tí ó wà láàárín. Ògiri kan ṣoṣo lè jẹ ohun tí ẹ rí níta run.

Ìgbì tí ẹ ní lọ́wọ́

Bí ilẹ̀ ṣe rí fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé ni ìgbì rédíò rí fún ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Ìjọba ni ó ń pín in, yálà nípa gbànjo tàbí nípa ìwé àṣẹ, kò sì sí ẹni tí ó lè dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìgbì ìsàlẹ̀, bíi 700, 800 àti 900 MHz, máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń wọlé gba inú ògiri. Òun ni a fi ń bo ilẹ̀ tí ó tẹ́jú lọ. Ìgbì àárín, bíi 1800, 2100 àti 2600 MHz, kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń fẹ̀ jù ú lọ. 5G mú 3500 MHz wọ ọjà káàkiri ayé, ó sì tún gòkè dé 26 àti 28 GHz, níbi tí àyè ti fẹ̀ gan-an ṣùgbọ́n tí ewé igi pàápàá ti lè di ìgbì lọ́nà.

Fífẹ̀ yìí, ìyẹn iye MHz tí ọ̀nà kan gbà, ni ó ń bí ìyára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn ju orúkọ ìran lọ. Ọ̀nà GSM (2G) kan fẹ̀ tó 200 kHz, tí kò tó 1 MHz. Ti 3G jẹ́ 5 MHz, ti 4G lè dé 20 MHz, ti 5G sì lè dé 100 MHz lórí ìgbì àárín àti 400 MHz lórí ìgbì òkè. Ilé-iṣẹ́ tí ó gbé 5G sórí 10 MHz péré kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí fún oníbàárà pé ìyàtọ̀ ńlá yóò dé.

Bí a kò bá rí ìgbì tuntun gbà, a lè gba èyí tí ìran àtijọ́ ń lò kí a fi fún ìran tuntun, nítorí pé lórí ìwọ̀n ìgbì kan náà, 4G máa ń gbé dátà ju 3G lọ. Iṣẹ́ yìí gba sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ ka iye fóònù tí kò mọ ohun mìíràn ju ìran àtijọ́ lọ lórí sẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i dájú pé fóònù àwọn oníbàárà lè gbé ohùn lórí 4G, nítorí pé fóònù wà tí ń lo dátà 4G ṣùgbọ́n tí ń padà sí 3G tàbí 2G bí ìpè bá dé. Bí ẹ bá pa ìran àtijọ́ mọ́ onírú fóònù bẹ́ẹ̀ lára, olówó rẹ̀ kò ní lè pe ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn tí ń gbani nínú ewu. Lẹ́yìn fóònù, ẹ rántí àwọn ẹ̀rọ tí kì í sọ̀rọ̀: mítà iná, aago ìdágìrì inú ilé, àti ẹ̀rọ tí ń pe ìrànwọ́ láti inú àpótí tí ń gbé ènìyàn lọ sókè ilé. Nígbà tí AT&T pa 3G rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejì ọdún 2022, ọ̀rọ̀ irú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wà lára ohun tí ó fa awuyewuye jù lọ ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní ìkìlọ̀ tí ó pẹ́ tó.

Ohun tí a lè ṣe lórí òpó tí ó ti wà

Ohun tí kò náni ní owó púpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Áńténà tí ó gbé ojú sókè jù ń ju ìgbì rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀, á sì máa pariwo lé sẹ́lì tí ó jìnnà lórí. Bí a bá dẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì méjì tàbí mẹ́ta, àwọn tí ó súnmọ́ ọn yóò rí ìgbì tí ó mọ́, aládùúgbò náà yóò sì sinmi. Lónìí, a lè ṣe èyí láti orí kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gun òpó. Mo ti rí i tí àtúnṣe yìí nìkan ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun fún.

Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ fi báǹdì mìíràn, ìyẹn ìpín ìgbì mìíràn, kún un, kí fóònù lè so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ẹ pààrọ̀ áńténà sí irú èyí tí ó kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké sínú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ áńténà 5G lórí 3500 MHz ni ó ní ẹ̀rọ rédíò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú, tí wọ́n jọ ń darí ìgbì tààrà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń lò ó, dípò kí wọ́n máa fọ́n ọn káàkiri bí omi òjò. Àmọ́ ó wúwo, atẹ́gùn sì máa ń ta á. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ nípa irin ṣe ìṣirò òpó náà tuntun kí ẹnikẹ́ni tó gbé e gòkè. Kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lórí òpó fún ìran tí ń bọ̀: 4G bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Stockholm àti Oslo ní oṣù kejìlá ọdún 2009, 5G sì ti wọ Gúúsù Kòríà ní oṣù kẹrin ọdún 2019, kí ọdún mẹ́wàá tó pé.

Ọ̀nà ẹ̀yìn

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Mo dúró lábẹ́ òpó kan rí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ 5G sí. Àmì 5G yọ lórí fóònù mi, ìgbì lágbára, síbẹ̀ ìyára tí mo rí kò ju ti 4G lọ. A yẹ áńténà wò, kò ní àléébù. A yẹ sọ́fítíwíà wò, kò ní àléébù. Ìgbà tí a ṣí àpótí ìsàlẹ̀ ni a rí i pé maikirowéfù, ìyẹn ẹ̀rọ rédíò tí ń gbé dátà láti òpó kan sí òmíràn, tí wọ́n gbé síbẹ̀ láti ayé 3G ni ó ṣì ń ru gbogbo ẹrù náà lọ. Wọ́n ti la títì fífẹ̀, wọ́n sì fi afárá onígi parí rẹ̀.

Sẹ́lì 4G kan lórí 20 MHz pẹ̀lú áńténà méjì lè dé nǹkan bí 150 megabit láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti 5G lórí 100 MHz lè kọjá gigabit kan. Ẹ ṣe ìṣirò ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ mọ̀ pé gbogbo wọn kì í sáábà dé ògógóró lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá fi wé ohun tí ọ̀nà ẹ̀yìn lè gbé. Fáíbà, ìyẹn wáyà onígíláàsì tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà, ni ó dára jù. Níbi tí fáíbà kò bá lè dé, maikirowéfù lè ṣe é, ṣùgbọ́n òjò ńlá máa ń dín agbára rẹ̀ kù, pàápàá lórí ìgbì gíga, nítorí náà ẹ ṣe ìṣirò pẹ̀lú òjò. Fáíbà náà ní ọ̀tá tirẹ̀, ìyẹn ọkọ́ àwọn agbẹ́lẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú un yí po kí ó lè dé òpó láti apá méjì.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà. Lórí 3500 MHz, ìgbì kan náà ni òpó fi ń sọ̀rọ̀ tí ó sì fi ń gbọ́, a kàn ń yí i láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì ni. Nítorí náà aago òpó kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí aago tòótọ́ ju 1.5 microsecond lọ (microsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá). Òpó tí aago rẹ̀ bá ṣìnà yóò máa sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń tẹ́tí. Ẹ gba àkókò láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, kí ẹ sì tún mú un gba inú fáíbà wá, kí ọ̀kan lè di ọ̀kan mú.

Nígbà tí òpó tuntun kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀

Ní ọdún 1947 ni onímọ̀ ẹ̀rọ D. H. Ring kọ ọ́ sílẹ̀ ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, pé a lè pín ilẹ̀ sí sẹ́lì-sẹ́lì, kí a sì tún ìgbì kan náà lò níbi tí ó bá ti jìnnà tó. Ọgbọ́n náà ṣì ni à ń lò: níbi tí èrò bá ti pọ̀ jù, ẹ gé sẹ́lì ńlá sí kéékèèké. Ẹ má kọ́ òpó tuntun sí ibi tí ilẹ̀ ti rọrùn láti rí. Ẹ kọ́ ọ sí àárín àwọn tí ń lò ó. Láàárín ọjà tàbí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀rọ kékeré tí a so mọ́ òpó iná ojú títì lè tó, bí fáíbà àti iná bá dé ibẹ̀. Ẹ sì béèrè bóyá òpó ilé-iṣẹ́ mìíràn wà nítòsí tí ẹ lè yá àyè lórí rẹ̀.

Iná jẹ́ ohun tí ó ń pa òpó ju ìgbì lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ orí òpó ń lo iná DC tí ó jẹ́ fóòtì 48 lábẹ́ òdo, tí bátìrì sì ń gbè lẹ́yìn. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tuntun kún òpó láìfi bátìrì kún un, bátìrì tí ó ti ń gbé e fún wákàtí mẹ́rin tẹ́lẹ̀ lè má gbé e fún méjì mọ́.

Alẹ́ tí a ó tàn án

Láàárín òru, nígbà tí èrò kéré, ni kí ẹ yí i padà, kí ọ̀nà àtipadà sẹ́yìn sì ti wà ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ kọ orúkọ gbogbo sẹ́lì aládùúgbò sínú sẹ́lì tuntun, kí ẹ sì kọ tirẹ̀ sínú tiwọn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, ìpè ẹni tí ń wakọ̀ lọ yóò já ní ojú kan náà lójoojúmọ́.

Ẹ fi sípánà tí ń wọn agbára dè gbogbo orí wáyà. Ibi tí orí wáyà bá dẹ̀, tàbí tí bóòtù tí ó dógùn-ún bá wà níwájú áńténà, ìgbì méjì tí òpó ń rán jáde máa ń pàdé níbẹ̀, wọ́n á sì bí ariwo tuntun tí ó lè bọ́ sórí ìgbì tí òpó náà fi ń gbọ́. Ẹ lè wá irú àléébù yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú sọ́fítíwíà, kí ó sì jẹ́ bóòtù kan ni.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ padà sí wákàtí ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kí ẹ gba òpópónà kan náà, kí ẹ sì wọ yàrá kan náà. Ẹ wo sẹ́lì tuntun, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni kí ẹ fojú sí jù, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹrù wọn fúyẹ́ lóòótọ́, àbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kàn ṣí lọ sí òpó kejì ni.