Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìwádìí Lórí Ètò Ìwífún Ẹgbẹ́ Tàbí Ilé Iṣẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń lo ètò ìwífún sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní. Ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ètò ìwífún ni gbogbo ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà kọ nǹkan sílẹ̀, tí wọ́n ń gbà tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbà lò ó láti pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, lẹ́jà, fáìlì, WhatsApp àti làákàyè akọ̀wé tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Lyons ní ìlú London, tí ó ń ta tíì àti àkàrà òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà LEO tirẹ̀ ní 1951, ìṣirò ilé búrẹ́dì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà délẹ̀ lórí ìwé.

Ẹ mú ibi kékeré tí ọwọ́ yín lè ká. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dára fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí owó ń wọlé, owó ń jáde, Ìjẹ̀bú kì í sì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gbà ní Ìjẹ̀bú, náà dára: àwọn tí wọ́n wà ní Èkó àti ní òkè òkun ń fi owó aṣọ Ojúde Ọba ránṣẹ́ láti oríṣiríṣi báǹkì, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó ti san kí ọjọ́ kẹta Iléyá, tí a ń ṣe ọdún náà, tó pé. Ẹ kọ lẹ́tà sí alága, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín lọ kí wọn.

Ẹ má ṣe tètè pín ìwé ìbéèrè. Ẹ mú ẹ̀yáwó kan ṣoṣo, kí ẹ tẹ̀ lé e láti ọwọ́ dé ọwọ́: ọjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ gba fọ́ọ̀mù, ọjọ́ tí àwọn onídùúró méjì fọwọ́ sí i, bí akọ̀wé ṣe yẹ owó tí ó ti fi pamọ́ wò, ìpàdé ìgbìmọ̀, títí dé ọ̀dọ̀ akápò. Ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí wọ́n kọ, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, àti ẹni tí ń dúró dè é.

Èmi fúnra mi kọ́kọ́ ṣe òdì kejì èyí ní ẹgbẹ́ kan. Mo pín ìwé ìbéèrè, gbogbo wọn ní ètò orí kọ̀ǹpútà náà dára, inú mi dùn. Ní ọjọ́ kẹta tí mo jókòó ti akọ̀wé ni mo ṣàkíyèsí pé kí wọ́n tó tẹ orúkọ onídùúró sórí ẹ̀rọ, wọ́n a kọ́kọ́ yọ ìwé aláwọ̀ búlúù kan, tí wọ́n fi rọ́bà dè, jáde láti inú àpótí tábìlì. Orúkọ tí wọ́n bá ti fi pẹ́ńsùlù fa igi méjì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ṣe onídùúró fún ènìyàn méjì, kò sì gbọdọ̀ ṣe ẹ̀kẹta. Kò sí àyè fún èyí lórí kọ̀ǹpútà. Òfin tí ń dáàbò bo owó gbogbo ẹgbẹ́ wà nínú ìwé kan tí alága kò mọ̀ pé ó wà. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìsanwó mẹ́wàá, kí ẹ wò wọ́n nínú káàdì ọmọ ẹgbẹ́, nínú lẹ́jà àti lórí kọ̀ǹpútà. Bí iye wọn kò bá dọ́gba, ẹ má ṣe pariwo olè. Ẹ wo déètì, nítorí owó tí a gbà ní Jímọ̀ lè máà wọ inú ẹ̀rọ títí di Mọ́ńdè tí iná yóò fi dé. Ẹ béèrè ẹni tí ó ní pásíwọ́ọ̀dù, ẹni tí ó lè pa nǹkan rẹ́, àti ibi tí ẹ̀dà kejì wà.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó mú àbá àwọn onímọ̀ wá. Ní 1989, Fred Davis sọ pé àwọn ènìyàn a máa gba ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbà pé ó wúlò, tí kò sì nira láti lò. Akọ̀wé yẹn gba méjèèjì, síbẹ̀ ìwé búlúù wà. Àbá DeLone àti McLean ti 1992 lórí àṣeyọrí ètò ìwífún, tí wọ́n tún ṣe ní 2003, bá ohun tí mo rí mu jù, nítorí ó ya dídára ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára dídára ìwífún tí ń ti inú rẹ̀ jáde.

Ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kúrò nínú ohun tí ẹ bá kọ. Òfin ààbò ìwífún ti 2023 wà ní Nàìjíríà, gbèsè ẹlòmíràn kì í sì í ṣe ohun àfihàn. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kà á fún àwọn tí ẹ kọ nípa wọn. Nígbà tí mo ka tèmi fún akọ̀wé, wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n wá ní kò burú, àfi pé n kò kọ nípa ìwé kejì, èyí tí akápò ń tọ́jú sílé.