Bí mo ṣe yan ìwé ẹni mímọ́ mẹ́ta fún ẹgbẹ́ òǹkàwé ṣọ́ọ̀ṣì wa

Ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ ni ìwé tí òǹkọ̀wé Ìjọ Àgùdà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ayé àti àdúrà rẹ̀. Mo yan Augustine, Teresa ará Ávila ní Sípéènì àti Thérèse ará Lisieux ní Faransé. Orúkọ kọ́ ló gba àkókò, bí kò ṣe ẹ̀dà tí a óò rà àti ibi tí èèyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ìwé dé.

Augustine ni mo fi ṣíwájú, torí ọmọ Áfíríkà ni: ìlú Thagaste, ní Àlùjíríà òní, ni wọ́n ti bí i ní 354. Ìtumọ̀ ìwé rẹ̀, Confessions, tí Pusey ṣe ní 1838 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, ó máa ń tètè súni. Ti Henry Chadwick, ọdún 1991, ni mo mú. Apá 13 ni ìwé náà ní. Ìtàn ayé rẹ̀ parí sí apá kẹsàn-án. Mẹ́ta tó kẹ́yìn dá lórí ìṣẹ̀dá ayé nínú Jẹ́nẹ́sísì, mo ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Kó ka apá kejì, níbi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jí èso píà lóru. Ebi ò pa wọ́n, èso náà ò wu ojú, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n dà á sí. Ó fẹ́ mọ ìdí tí òun fi jalè nígbà náà, kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ti Thérèse ló gba ìṣọ́ra jù. Ó kú ní 1897, ọmọ ọdún 24. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ìwé rẹ̀, Story of a Soul, kọ kó tó jáde ní 1898. Ó di 1956 kí ojúlówó ohun tó kọ tó jáde. Ọ̀nà tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò rèé: ojúlówó ní ìwé àfọwọ́kọ mẹ́ta, A, B àti C, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Thérèse sì kọ wọ́n sí. Bí ẹ̀dà ọwọ́ yín bá ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí tí wọ́n tún kọ ni. Ẹni tí àdúrà rẹ̀ ti gbẹ, C ni kó kọ́kọ́ kà: inú àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ti kọ ọ́, ó sì sọ bí òkùnkùn ṣe bo ìgbàgbọ́ òun.

Orí 40 ni ìwé tí Teresa kọ nípa ìtàn ayé rẹ̀ ní. Láti orí 11 dé 22 ó fi ìtàn sílẹ̀, ó ń kọ́ni ní àdúrà. Ibẹ̀ ni àwọn òǹkàwé ti máa ń sọnù. Mo ní kí wọ́n ka 1 sí 10, kí wọ́n fò dé 23, kí wọ́n tó padà. Ọ̀nà mẹ́rin ló fi àdúrà wé bí a ṣe ń bomi rin ọgbà: fífa omi nínú kànga, yíyí àgbá kẹ̀kẹ́ tí ń gbé omi sókè, odò tó ń ṣàn wọlé fúnra rẹ̀, àti òjò. Ẹni tó ti fa kànga rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò nílò àlàyé.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní àwọn ẹni mímọ́ wọ̀nyí sọ, mo yọ gbogbo èyí tí kò ní orúkọ ìwé àti orí kúrò. Èyí tí wọ́n ń pín lórí WhatsApp, tí wọ́n ní Teresa ló sọ ọ́, pé Kristi kò ní ara mìíràn láyé àfi tiwa, kò sí nínú ìwé Teresa kankan.

Mo wá lẹ ìwé pélébé mọ́ ẹ̀yìn èèpo ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan: orúkọ atúmọ̀, orí tí a óò fi bẹ̀rẹ̀, orí tí a lè fò.