Bí mo ṣe se oúnjẹ alẹ́ mẹ́ẹ̀sì fún àwọn ológun tó tòkè òkun wálé sí Ògbómọ̀ṣọ́

Iṣẹ́ àsè ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbéyàwó, ìnáwó òkú, ìkómọjáde, ìwúyè, kò sí èyí tí n kò tìtorí rẹ̀ gbé ìkòkò kaná rí. Nígbà tí bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà pè mí pé òun fẹ́ kí n ṣe oúnjẹ alẹ́ mẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àsè alẹ́ tí àwọn ológun jọ ń jẹ pẹ̀lú òfin tirẹ̀, fún àwọn ológun kan tó ń bọ̀ wálé wá ṣọdún, iye ènìyàn ni mo kọ́kọ́ bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, fi iye ènìyàn sílẹ̀ ná. Wá kí n sọ òfin rẹ̀ fún ọ." Mo mú bíírò àti ìwé lọ.

Àwọn tó ń bọ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀ tó jagun fún ìjọba ibòmíràn. Àwọn kan ti ṣiṣẹ́ nínú ọmọ ogun Bírítéènì, nítorí ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú Commonwealth lè wọṣẹ́ ológun lọ́hùn-ún. Àwọn kan ti Amẹ́ríkà wá. Èyí tó kéré jù nínú wọn gba ètò kan wọlé tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 láti fi gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí iṣẹ́ ológun wọn nílò. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Mo bi í pé ṣé Yorùbá tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí ló wá sọ ọ́ di ọmọ Amẹ́ríkà. Ó rẹ́rìn-ín títí. Àwọn ológun tiwa tó ti fẹ̀yìntì sílé ni olùgbàlejò, Bàbá Kọ́nẹ́lì, bàbá tó pè mí yẹn, sì ni alága ìgbìmọ̀ mẹ́ẹ̀sì, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní PMC.

Ọjọ́ ló kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀. Àwọn ará òkè òkun fẹ́ 15 January, nítorí ọjọ́ náà ni Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ológun tó ti kú. Látijọ́, 11 November la máa ń ṣe é bíi ti Bírítéènì. Ìparí ogun abẹ́lé ní 15 January 1970 ló yí i padà. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí. Ọjọ́ 15 January 1966 ni àwọn sójà pa Ládòkè Akíntọ́lá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ọmọ ìlú yìí, ní Ìbàdàn. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ ní, "Ọjọ́ tí sójà pa Ààrẹ wa, ṣé ọjọ́ náà ni sójà yóò tún máa gbé ife sókè láàárín ìlú?" Kò sẹ́ni tó fèsì. Wọ́n mú Sátidé kan láàárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Kọ́nẹ́lì. Gbogbo ènìyàn á kọ́kọ́ péjọ sí yàrá kékeré kan, kì í ṣe ìdí tábìlì. Nígbà tí wọ́n bá pe oúnjẹ ni wọ́n á tó wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó ṣáájú PMC. Ẹni tó kéré jù ní ipò ni wọ́n ń pè ní Mr Vice, ìparí tábìlì lọ́hùn-ún sì ni yóò jókòó sí, kó dojú kọ PMC. Oúnjẹ gbogbo ènìyàn á dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì kó àwo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí sìgá, kò sí dídìde, títí wọ́n á fi gbé ife kí olórí orílẹ̀-èdè. Àmì ẹ̀yẹ kéékèèké ni wọ́n ń fi sáyà lálẹ́. Àwọn ńláńlá wà fún ọ̀sán. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé ìkòkò ni yóò rọrùn jù nínú iṣẹ́ yìí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ takò ni ti dídìde yẹn. Àwọn àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀ yẹ̀ wò." Wọ́n ní òfin lòfin. Mo ní kí wọ́n bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi pè mí padà pé ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa wà lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n tó gbé ife. Mi ò bèèrè ẹni tó dá ẹjọ́ náà.

Nípa oúnjẹ, àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sórí WhatsApp pé ẹran màlúù sísun àti ọ̀dùnkún ni mẹ́ẹ̀sì ń jẹ. Bàbá Kọ́nẹ́lì ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan! Ọmọ Ajílété wo ló máa wálé lọ́dún wá jẹ ọ̀dùnkún?" Ọ̀rọ̀ parí. Ata ẹja àrọ̀ ni mo fi ṣí ọ̀nà, nínú àwo kékeré. Àmàlà láfún tẹ̀lé e, pẹ̀lú ewédú, gbẹ̀gìrì, ògúńfe àti ṣàkì. Ìrẹsì wà fún ẹni tó bá fẹ́. Ọsàn, ìbẹ́pẹ àti àgbálùmọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọjà ló kẹ́yìn.

Wàhálà láfún ni pé kò ní sùúrù. Ìrẹsì lè dúró de ọ̀rọ̀ ìkíni gígùn, láfún kò lè dúró. Mo ní kí àwọn tó ń rokà má bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá gbé ata ẹja wọlé. Wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá bó ṣe ń jáde nínú ìkòkò, wọ́n ń kó o sínú kúlà, ọmọ agbáwo kan sì ní ènìyàn mẹ́jọ tó gbọ́dọ̀ bójú tó, kò gbọdọ̀ yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Tábìlì PMC ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù funfun ló wà lọ́rùn gbogbo wọn, ewédú sì rèé, nítorí náà mo rán aṣọ ìnuwọ́ tó gbòòrò dáadáa, tó lè bo àyà dé ikùn.

Abọ́ ìṣanwọ́ di dandan nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ti Bírítéènì kì mí nílọ̀ pé bí wọ́n bá ti ṣanwọ́ tán, kí a kó gbogbo abọ́ omi kúrò kí ìkíni tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn tí wọ́n lé Ọba James Kejì kúrò lórí oyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1688, àwọn tó ṣì fẹ́ràn ìdílé rẹ̀ máa ń gba orí abọ́ omi na ife wọn bí wọ́n bá ní kí wọ́n kí ọba, kó lè jẹ́ pé ọba tó wà lódìkejì omi ni wọ́n ń kí. Òyìnbó náà mọ àrékérekè. A kó àwọn abọ́ náà.

Ọtí ló gba ọgbọ́n jù. Wáìnì kan tó ń jẹ́ port, láti ilẹ̀ Pọtogí, ni wọ́n fi ń kíni ní mẹ́ẹ̀sì. Ó le ju wáìnì lásán lọ, ó sì pupa dúdú. Ṣùgbọ́n ìlú tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wọ̀ láti 1855 nìyí, Mùsùlùmí sì pọ̀ níbẹ̀. Díákónì wà lórí ìjókòó, Alájì wà lórí ìjókòó. Ẹnì kan ní kí a fún wọn lómi. Àwọn ti Amẹ́ríkà ní rárá o: lọ́dọ̀ tiwọn, omi ni wọ́n fi ń kí àwọn tó ti lọ sójú ogun tí a kò rí mọ́. Ta ló fẹ́ fi omi bẹ́ẹ̀ kí Ààrẹ tó wà láàyè? Sóbò ni mo sè. Mo fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí i, mo dín ṣúgà rẹ̀ kù, mo sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ léraléra títí kò fi sí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Nínú ìgò gíláàsì onídìí gbòòrò, o kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí port. Mo so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọrùn èyí tó jẹ́ ọtí, kí n má bàa ba ìsìn ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ó tún ku ọ̀kan. Apá òsì ni wọ́n ń gbé ìgò port gbà lọ yípo tábìlì. Àwọn ẹ̀ka ọmọ ogun Bírítéènì kan kò tilẹ̀ gbà kó fara kan tábìlì kó tó yí dé ibi tó ti gbéra. Nígbà tí Alájì gbọ́ òsì, wọ́n bojú jẹ́: "Ṣé ọwọ́ òsì ni ọmọdé á fi na ìgò sí mi?" A ṣe é pé apá òsì ni ìgò ń lọ, ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé e, ẹni tó bá kéré sí ẹni tó ń gbà á á sì fi méjèèjì gbé e.

Àwọn ti Amẹ́ríkà bèèrè tábìlì kékeré kan fún àwọn tí kò padà bọ̀. Tábìlì roboto, aṣọ funfun, àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé, òdòdó róòsì pupa kan, ríbọ́ọ̀nù pupa, àbẹ́là, ife tí a dojú rẹ̀ dé, àti àwo tí wọ́n fi ègé ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù sí pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ọsàn náà dúró fún kíkorò ìpín wọn, iyọ̀ sì ni omijé ẹbí. Mo ra róòsì onírọ́bà ní Under G. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ agbáwo mi rí àbẹ́là, iyọ̀, aṣọ funfun àti ohun pupa nínú kọ̀rọ̀, wọ́n yà gba ọ̀nà míràn. Ọ̀kan sọ fún mi pé, "Mọ̀mí, ẹbọ ni wọ́n gbé síbẹ̀ yẹn o." Èmi fúnra mi ni mo tan àbẹ́là náà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, onídùndún ni a fi pè wọ́n wọlé dípò agogo. Èrò mi ni, mi ò sì kábàámọ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí ọ̀gágun ṣe máa gbọ́ oríkì baba rẹ̀ tí kò ní fọwọ́ wá àpò. Wọ́n ń ná owó mọ́ onílù níwájú PMC tó dúró bí òpó. Lẹ́yìn náà ohun gbogbo tòrò. Láfún dé pẹ̀lú gbígbóná. Jẹnẹrétọ̀ kò kọ̀.

PMC kan òòlù onígi mọ́ tábìlì, Mr Vice, ọmọ MAVNI, sì dìde. Ààrẹ Nàìjíríà ni wọ́n kọ́kọ́ kí, nítorí orí ilẹ̀ rẹ̀ la wà, lẹ́yìn náà Ọba Charles, lẹ́yìn náà Ààrẹ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó kan àwọn tó ti lọ, wọ́n dárúkọ Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó darí ẹ̀ka Marine Commando Kẹta nígbà ogun abẹ́lé, tó sì kú ní 2014. Omi ni wọ́n fi kí ti ìyẹn, gbogbo wọn, àti àwọn tiwa.

Ìtanràn ló kù. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá dún á sanwó sínú abọ́ kan níwájú Mr Vice. Gbogbo àwọn tó náwó fún onílù san. Bàbá kan tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sin Ọbabìnrin Elizabeth gbé ife sókè, ó ní "The Queen!", òun náà san. Nígbà tí fóònù PMC fúnra wọn dún, ariwo tí wọ́n pa dé ilé ìdáná. Owó yẹn ni a fi ra díísù jẹnẹrétọ̀, ó sì ṣẹ́ kù. Àwọn ìyàwó nìkan ni kò san kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ fóònù tiwọn ló dún jù. PMC ní àlejò mẹ́ẹ̀sì ni wọ́n, àlejò kì í sì í san ìtanràn.