Ìṣirò tí mo fi ń mọ ìgbà tí ìkànnì máa dákú

Ìyá alámàlà kan wà nítòsí ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá, òun nìkan ló ń di ìgbakọ mú. Bí àwa mẹ́ta bá wà níbẹ̀, wàrà-wàrà la máa gba tiwa. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, ìlà á gùn dé títì. Ọmọ márùn-ún ló ń fọ abọ́ lẹ́yìn, àmọ́ ìgbakọ kan náà ni.

Lóṣù Kejìlá kan, ìkànnì tí mo ṣe fún àǹtí kan tó ń ta léèsì ní Balógun dákú lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀dínwó jáde. Mo sáré ra sáfà ńlá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì. Pàbó ló já sí. Àǹtí ní, "Ṣé owó mi lo kàn fẹ́ máa ná ni?" Ó jàre. Abọ́ ni mo ń rà kún abọ́.

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe nìyí. Ẹ mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èrò wà lórí ìkànnì yín, kí ẹ ka iye ìbéèrè (ìgbàkígbà tí oníbàárà bá tẹ nǹkan) tó parí, kí ẹ sì wo iye sẹ́kọ́ǹdù tí ọwọ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fi dí. Tiwa jẹ́ ìbéèrè 6,000. Ọwọ́ dátábéèsì, níbi tí ìkànnì ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí, dí fún sẹ́kọ́ǹdù 120, ti sáfà tó ń gbé ojú ìwé jáde jẹ́ 48. Tí ẹ bá fi 6,000 pín in, dátábéèsì ń ná 0.02 lórí ìbéèrè kan, sáfà ń ná 0.008. Ẹ wá fi 0.02 pín 1, ó di 50. Ìbéèrè 50 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, òkè àjà nìyẹn. Sáfà lè gba 125, òun ni mo sì lọ ń náwó lé lórí!

Ẹ má tíì gbọ́kàn lé 50 yẹn o, torí ìlà ń bọ̀. Ẹ yọ ìwọ̀n tí ọwọ́ dátábéèsì fi dí kúrò nínú 1, kí ẹ fi èyí tó kù pín 0.02. Tí ìbéèrè 25 bá ń wọlé, ìdajì ni ọwọ́ rẹ̀ fi dí, èèyàn á dúró fún sẹ́kọ́ǹdù 0.04. Ní 40, ó di 0.1. Ní 45, 0.2. Ní 49, odindi sẹ́kọ́ǹdù kan. Mẹ́rin péré ló lé sí 45 o, ìdúró sì di ìlọ́po márùn-ún. Ẹni tó bá ti gba Third Mainland láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ti mọ̀ ọ́n lára. Agner Krarup Erlang, ará Dẹ́ńmáàkì, ló bẹ̀rẹ̀ irú ìṣirò ìlà báyìí lórí tẹlifóònù, lọ́dún 1909. Ó gbà pé kálukú ń dé nígbà tó bá wù ú. Tí Àǹtí bá gbé léèsì tuntun sórí WhatsApp tí gbogbo wọn ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èèyàn mélòó wá ni ìbéèrè 40 jẹ́? John Little, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn lọ́dún 1961: iye tó wà nínú ilé ni iye tó ń wọlé ní sẹ́kọ́ǹdù kan, lọ́nà àkókò tí kálukú ń lò. Tí oníbàárà bá ń wo léèsì fún sẹ́kọ́ǹdù 9.9 kó tó tún tẹ nǹkan, tí ẹ bá fi 0.1 tó fi dúró kún un, ó di 10; 40 lọ́nà 10 jẹ́ 400. Èèyàn 400 yìí ni Àǹtí lóye. Ìbéèrè ní sẹ́kọ́ǹdù kan ò yé e rárá.

Ẹ wá fi JMeter, irinṣẹ́ tó ń ṣe bí ẹni pé ọ̀pọ̀ èèyàn wà lórí ìkànnì, dán an wò, lórí ẹ̀dà ìkànnì náà o, kì í ṣe lórí èyí tí èèyàn ń rajà lọ́wọ́. (Mo ti ṣe é rí.) Ẹ fi èèyàn 100 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un. Ẹ má wo ìdúró àárín nìkan. Nínú ìṣirò yìí, ẹni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún á dúró ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Tí ìdúró tí ẹ wọ̀n bá fi púpọ̀ ju ti ìṣirò lọ, ìlà míì wà níbìkan tí ẹ ò tíì kà.

Tiwa, mo ṣe index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí dátábéèsì tètè rí nǹkan) sórí àwọ̀ léèsì, 0.02 sì di 0.005. Dátábéèsì wá lè gba 200, sáfà tó ń gba 125 ló wá ku ibi tó há. Sáfà ńlá ọjọ́sí ti wá rí iṣẹ́ ṣe. Mi ò tíì sọ fún Àǹtí.